Abẹ́rẹ́ Inú Etí Àlájà Nùsírátù

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ni ìrora náà lò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé òkè orí Àlájà Nùsírátù gan-an ni aago ara ògiri ọ́fíìsì wa wà, mo sì ń wò ó lọ́wọ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Èmi ni mo fà á. Mo yán. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò tíì sùn dáadáa, aago mẹ́jọ àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, ara mi sì ti ń bẹ̀ mí pé kí n máa lọ sílé. Bí mo ṣe pa ẹnu dé ni Àlájà náà la ẹnu tirẹ̀, torí yíyán máa ń ràn. Kó tó yán an tán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá etí òsì mú, ojú rẹ̀ fún pọ̀, omi lé sí i. Lẹ́yìn náà ó tú ọwọ́ sílẹ̀.

"Ó ti lọ," ó wí. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á sì fà á yọ. Kí n tó pe Bísímílà, ó ti lọ."

"Ariwo tẹ́ ẹ sọ ńkọ́, Màmá?"

"Ìyẹn kì í lọ ní tiẹ̀. Ó ń hó yee, tọ̀sán-tòru, bí ìgbà téèyàn gbé omi kaná tó sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀."

"Iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó Yàhàyá nìyẹn, Màdáàmù," ni Alájì Mọ́ṣúdù tó jókòó tì í wí. "Kí lẹ tún ń bi í sí? Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lánàá."

Òótọ́ ni, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé náà sì wà níwájú mi. Opó ẹni àádọ́rin ọdún ni Àlájà Nùsírátù, ilé ẹbí ọkọ rẹ̀ ní Bárúwà ló ń gbé. Yàhàyá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kú ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn, ó fi aboyún sílẹ̀. Hope ni orúkọ ìyàwó náà, ọmọ Ìkálẹ̀ ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọkùnrin tó bí ti pé oṣù márùn-ún báyìí. Alájì Mọ́ṣúdù, àbúrò ọkọ Àlájà, tó tún jẹ́ olórí ẹbí, ló mú ẹ̀sùn wá sí àgọ́ ọlọ́pàá wa lánàá: pé nígbà tí Àlájà ń sùn, Hope da nǹkan olóró tó wà nínú ìgò kékeré onídèérí pupa sí i létí, torí kó lè pa á kó sì gba ilé. Lọ́sàn-án àná kan náà, Testimony, kọ́ńsítébù wa, bá Alájì lọ tú yàrá Hope. Ó rí ìgò náà. Omi bátìrì ọkọ̀, ásíìdì gidi, ló wà nínú rẹ̀.

Ìgò náà ti wà lórí tábìlì mi báyìí. Hope wà nínú àhámọ́ lẹ́yìn káńtà. DPO, ọ̀gá àgọ́ wa, sì ti sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún mi kó tó wọ ọ́fíìsì rẹ̀: "Lucy, ẹjọ́ tó ti jinná nìyí. Ṣáà bù ú sí abọ́. Kóòtù láàárọ̀ ọ̀la."

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ẹjọ́ tó bá tètè jinná báyìí, mo máa ń gbóòórùn ohun tó ń jóná nísàlẹ̀ ìkòkò. Inú mi kì í dùn sí i mọ́, torí èmi náà ni mo máa ha ìkòkò.

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó níta díẹ̀."

"Etí ń dùn ún. Kò lè dá sọ̀rọ̀."

"Màá sọ ọ́ sókè fún wọn."

Ó dìde, kò yá a lára. Mo dúró títí ilẹ̀kùn fi padé.

"Màmá, ọjọ́ wo ni Hope fi nǹkan sí yín létí?"

"Jímọ̀ tó kọjá. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì."

"Ẹ ti sùn?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Rárá. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì."

"Ta ló ní kó fi nǹkan sí i?"

"Èmi ni. Òróró ólífì ni mo ní kó bá mi kán sí i. Ìyá mi máa ń ṣe é fún wa nígbà tá a wà ní kékeré. Ó fi ṣíbí gbé e kaná díẹ̀, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ tọ́ ọ wò kó tó kán an."

"Ṣé ó ta yín?"

"Kò ta mí. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, mo sì sùn. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni etí bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ohun tó jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ Alájì gbọ́ nìyẹn. Ó ní òróró kì í mú etí hó."

"Abẹ́rẹ́ tó ń gún yín ńkọ́? Ṣé ọjọ́ yẹn lòun náà bẹ̀rẹ̀?"

"Ìyẹn ti pẹ́. Ó ti ń gún mi láti ìgbà ààwẹ̀. Torí rẹ̀ ni mo ṣe ní kó kán òróró sí i."

Mo wo ìwé ẹ̀sùn. Ohun tí Alájì kọ ni pé ìrora àti ariwo bẹ̀rẹ̀ lóru ọjọ́ kan náà. Mo fi bírò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo sì lọ bá Hope.

* * *

Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Iwájú aṣọ rẹ̀ tutù gbindin láti àyà dé inú. Mo rò pé omi ló dà sí i lára. Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo rí i pé omi ọmú ni. Ó ti di ọjọ́ kejì tí ọmọ kò fà á.

"Mi ò ní sẹ́, Mà," ó wí kí n tó bi í. "Mo kán òróró sí i. Òun ló ní kí n kán an."

"Ìgò onídèérí pupa ńkọ́?"

"Mi ò rí i rí, àfi ìgbà tí ọlọ́pàá gbé e jáde. Inú báágì aṣọ ọmọ ló ti yọ ọ́, wọ́n fi ọ̀rá dúdú dì í." Ó fa iwájú aṣọ rẹ̀ kúrò lára. "Mà, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ ni mò ń ki ọwọ́ bọ báágì yẹn láti mú ìlédìí. Tí mo bá ní ásíìdì, ṣé ibẹ̀ ni màá fi í sí?"

Ìbéèrè tó dára ni. Mo ti bi ara mi náà. "Ta ló máa ń wọ yàrá rẹ?"

"Gbogbo ilé. Ilẹ̀kùn mi ò ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n yọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ tí ọkọ mi kú. Alájì ní opó kì í tilẹ̀kùn mọ́rí."

Ó sọ ọ́ láìbínú, bí ẹni tí ìbínú rẹ̀ ti tán. Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní kò sí ohun tó ń wù ú, ó kàn fẹ́ mọ ohun tí ọmọ òun ń mu.

* * *

Mo fi ọkọ̀ àgọ́ gbé Àlájà lọ sí Ìgándò, lọ́dọ̀ Dókítà Báyọ̀dé tó ń tọ́jú etí. Ojú ọkùnrin náà ti wọnú bíi tèmi. Ó tan iná sí etí òsì, ó wò ó títí, ó wo ọ̀tún, ó padà sí òsì. Ó ní kí Àlájà lọ jókòó níta, ó sì ń fọwọ́ nu ojú.

"Awọ ìlù etí rẹ̀ mọ́, Màdáàmù. Ó ń dán. Kò sí ọgbẹ́, kò sí àpá, kò sí ọyún. Ìdọ̀tí díẹ̀ wà níbẹ̀, mo ti yọ ọ́, kò tó nǹkan tó lè gún èèyàn."

"Tó bá jẹ́ omi bátìrì ni wọ́n dà sí i ní Jímọ̀ tó kọjá?"

"Ariwo tí ì bá pa lóru yẹn, ẹ̀yin ì bá gbọ́ ọ ní àgọ́ yín. Kò sì ní sí awọ kankan tí mo máa wò."

Ẹ̀sùn ìgò Alájì ti wó nìyẹn. Ṣùgbọ́n Àlájà kì í ṣe òpùrọ́. Mo ti rí abẹ́rẹ́ yẹn lójú rẹ̀. Tí n kò bá mọ ohun tó ń gún un, ẹbí máa sọ pé ọlọ́pàá gba rìbá, wọ́n á tún wá ẹ̀sùn mìíràn kà sí Hope lẹ́sẹ̀.

"Kí ló wá ń ṣe é, Dókítà?"

"Aláìsàn méjìdínlógójì ló wà níta yẹn." Ó mí kanlẹ̀. "Etí ní aládùúgbò púpọ̀. Eyín lè kẹ̀ kó jẹ́ pé etí lèèyàn máa dì mú. Ọ̀fun lè dùn, ká rò pé etí ni. Ọ̀fìnkìn lè dí ojú ọ̀nà tó lọ láti ẹ̀yìn imú sí etí. Iṣan ojú kan wà tó máa ń ta bí iná, tó sì ń lọ. Oríkèé àgbọ̀n náà rèé, iwájú etí gan-an ló wà." Ó fi ìka kan ibẹ̀ lára rẹ̀.

"Ariwo yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn ní àwọn bàbá tiẹ̀. Ọjọ́ orí. Ariwo jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n mo ti wọn tiẹ̀, ó dáa ju tèmi lọ. Oògùn míì náà ń ṣe é." Ó ti ń pe ẹni tó kàn kó tó fi kún un pé, "Ẹ má sì gbàgbé pé ìrora àti ariwo lè jọ wá, kí wọ́n má mọ ara wọn rí."

Mo rò ó láti Ìgándò títí a fi dé Ìkòtún. Gbogbo wa, àti Alájì, àti Àlájà, àti èmi, là ń wá ọ̀daràn kan ṣoṣo fún nǹkan méjì. Tó bá jẹ́ pé méjì ni wọ́n ńkọ́?

* * *

Ilé ẹbí náà ní Bárúwà jẹ́ ilé àtijọ́ onígun mẹ́rin, àgbàlá wà láàárín. Kafilat, àbúrò Àlájà, obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún, ló jókòó síbẹ̀, ó ń fi ìgò fídà fún ọmọ Hope lómi wàrà. Ọmọ náà ń yí orí kúrò.

Mo kọ́kọ́ lọ wo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, torí ojú fèrèsé Àlájà ló kọjú sí. Eruku ti bò ó, aláǹgbá sì ti sọ ọ́ dilé. Ó ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá. Mo bi Àlájà bóyá ó ní ọ̀fìnkìn, bóyá eyín ń ro ó nígbà tó bá mu omi tútù. Ó ní rárá sí méjèèjì. Ó ti ń rẹ̀ mí. Mo ti ra búrẹ́dì lọ́nà, mo bù ú fún gbogbo wa, mo sì jókòó sórí àpótí láti jẹ tèmi.

Àlájà bó èèpo búrẹ́dì sọnù, ó ki inú rẹ̀ bọ tíì, ó ń fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ ò fẹ́ràn èèpo ni, Màmá?"

"Ó le jù. Tí mo bá rún nǹkan tó le, abẹ́rẹ́ á gún mi."

"Kò jẹ ẹran láti ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀," ni Kafilat wí. "Kì í sì í jẹ́ kí èmi sùn. Inú yàrá kan náà la wà, kẹ́ ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń payín keke lójú oorun. Bí ẹni ń rún òkúta ni."

Mo gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ààwẹ̀ ṣá."

Mo dìde lọ bá Àlájà. Mo tọrọ gáfárà, mo fi ìka méjì sí iwájú etí òsì rẹ̀, níbi tí dókítà fi hàn mí lára tirẹ̀. "Ẹ la ẹnu díẹ̀díẹ̀ fún mi." Ó là á. Nǹkan kan ta kẹ̀ lábẹ́ ìka mi, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀ bó ṣe fún pọ̀ ní ọ́fíìsì. Mo wo eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹnu wọn ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ohun tí wọ́n lọ̀ lórí òkúta.

Ìgbà tí mo yán lónìí, tó sì yán tẹ̀lé mi, àgbọ̀n ni ó là. Ìgbà tó bá rún ẹran, àgbọ̀n ló ń lò. Àgbọ̀n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo òru ló ń gún un ní ọ̀sán. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò dé inú etí yẹn.

"Kí lẹ̀ ń lò sí ìrora náà, Màmá?"

Ó wọ yàrá, ó fa ọ̀rá kékeré kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Àsípírìn ni, lára èyí tí wọ́n ń kà tà ní kẹ́míìsì. Ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀rá náà.

"Mélòó lẹ̀ ń lò?"

"Méjì-méjì ni wọ́n ní kí n máa lò. Nígbà tí kò gbọ́, mo sọ ọ́ di mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́."

"Ọjọ́ wo lẹ sọ ọ́ di mẹ́rin?"

Ó ronú. Kafilat ló bá a rántí. "Ọjọ́rú ni. Ọjọ́ tí mo lọ rà á ní ibùdókọ̀ Command torí pé ti àdúgbò ti tán."

Ọjọ́rú. Òróró wá ní alẹ́ Jímọ̀. Ariwo bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Mo pe Dókítà Báyọ̀dé lórí fóònù, mo sì ka iye rẹ̀ fún un.

"Mẹ́rìndínlógún lójúmọ́, ní ọjọ́ orí yẹn? Ó lè mú etí hó dáadáa. Kó dá a dúró báyìí, kó sì padà wá láàárọ̀ ọ̀la, mo fẹ́ yẹ inú àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Mi ò lè búra, àmọ́ tí ariwo yẹn bá rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, a ti mọ̀. Ti àgbọ̀n yẹn náà, ó ṣeé tọ́jú."

Mo ṣàlàyé fún Àlájà bí mo ṣe lè ṣe é. Pé òróró Hope kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Pé àgbọ̀n ló ń gún un, oògùn tó ń lò sí i ló ń mú etí hó. Ó gbọ́ ọ títí, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Omi kàn ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Màmá, èèyàn kì í dédé bẹ̀rẹ̀ sí í payín keke ní àádọ́rin ọdún. Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà ààwẹ̀?"

Ó wo Kafilat. Kafilat wo ọmọ tó gbé lọ́wọ́.

"Alájì gbé ìwé wá," ni Àlájà wí. "Ó ní kí n tẹ̀ka sí i pé Hope máa kúrò, ọmọ máa dúró. Ó ní tí Hope bá fẹ́ ọkọ míì, ilẹ̀ Yàhàyá tó wà lójú títì Ìpájà máa di ti ará ibòmíì. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Alaalẹ́ ló ń padà wá lẹ́yìn ìṣínu. Mi ò lè sọ fún Hope, mi ò fẹ́ kó sá lọ. Mi ò lè sọ fún ìta. Mo kàn di eyín mú." Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Lánàá, nígbà tó ní Hope ló ba etí mi jẹ́, mo gbà á gbọ́. Ó ti rẹ̀ mí ni, Màdáàmù. Ó rọrùn láti gbà á gbọ́."

Mo ní kó fi ìgò òróró ólífì hàn mí. Orí pẹpẹ ló wà. Ìdérí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé.

* * *

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo pe Alájì Mọ́ṣúdù wọlé. Testimony dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ bá mi ka ìlà yìí, Alájì. Ìkọ̀wé yín ni."

Ó gbé awò sójú. "'Nǹkan olóró tó wà nínú ìgò kékeré onídèérí pupa.' Bẹ́ẹ̀ ni. Òun náà lẹ rí."

"Aago mélòó lẹ kọ ọ́?"

"Aago mẹ́wàá àárọ̀ àná."

"Testimony, aago mélòó lo rí ìgò?"

"Aago méjì ọ̀sán, Mà. Inú ọ̀rá dúdú ló wà, wọ́n ta á ní kókó mẹ́ta. Mo ní láti fi eyín já a."

"Kó o tó já a, ṣé ojú lè rí ìdérí rẹ̀?"

"Rárá, Mà."

Mo yí padà. "Ta ló sọ fún yín pé pupa ni, Alájì?"

"Nùsírátù ni. Ó rí i lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn."

Mo gbé ìgò òróró ólífì sórí tábìlì. "Èyí ni Àlájà rí. Ẹ wo ìdérí ẹ̀." Mo tún tẹ́ ákísà tí mo fi ń nu tábìlì sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ti kán ẹ̀kán kan omi bátìrì sí i láàárọ̀. Ihò tó ṣe síbẹ̀ tó fi ìka kọjá. "Dókítà ní awọ etí Àlájà ń dán. Ohun tó ṣe aṣọ báyìí, kí ló dé tí kò ṣe etí?"

Ó yọ awò. Ó wo ihò náà pẹ́. Mo rò pé ó máa pariwo, àwọn olórí ẹbí máa ń pariwo. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó ti rẹ òun náà.

"Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú," ó wí.

"Mo mọ̀. Ẹ kàn fẹ́ kí ìjọba bá yín lé Hope kúrò."

"Ẹ ò mọ bí ilẹ̀ wa ṣe pọ̀ tó tẹ́lẹ̀, Màdáàmù. Láti ibí dé odò ni. Bàbá wa tà nínú ẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi tà nínú ẹ̀. Ibi tí Yàhàyá ní yẹn ló kù tó lójú. Kí n wá dúró kí ọmọ Ìkálẹ̀ gbé e lọ?"

"Ọmọ Yàhàyá ló ni ín. Ọmọ oṣù márùn-ún tí ẹ ti já lẹ́nu ọmú láti àná."

Ó ń fi etí agbádá rẹ̀ nu awò tí kò dọ̀tí.

Mo kó ìwé náà lọ bá DPO. Ó kà á, ó gbé e sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ra orí. "Lucy, ọ̀rọ̀ ẹbí lèyí. Jẹ́ kí wọ́n lọ parí ẹ̀ nílé. Àgbàlagbà ni."

"Ọ̀gá, nígbà tó jẹ́ Hope, ẹjọ́ kóòtù ni. Báyìí tó di Alájì, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹbí?"

Mi ò gbóhùn sókè. Kò sí okun fún un. Ó wò mí, ó wo fèrèsé, ó sì fa bírò. Ó kọ ọ́ pé kí wọ́n tú Hope sílẹ̀, kí wọ́n sì dá Alájì Mọ́ṣúdù dúró fún irọ́ tó pa mọ́ ọn. Kò gbójú sókè nígbà tó dá fáìlì padà fún mi.

* * *

Kafilat ti gbé ọmọ wá sí iwájú àgọ́. Hope gbà á láìkí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì fún un lọ́mú. A gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń gbé e mì láti ibi tí a dúró sí. Àlájà Nùsírátù dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́rin sí wọn, kò sún mọ́ wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Hope," ó wí níkẹyìn. "Mo ṣẹ̀ ọ́."

Hope kò gbójú sókè. "Mo gbọ́, Màmá."

"Màdáàmù ti ṣàlàyé fún mi. Òróró rẹ kò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Mo mọ̀ pé kò ṣe yín ní nǹkan kan. Èmi ni mo kán an."

Ìgbà tí ọmọ sùn, Hope dì í mọ́ àyà, ó sì sọ fún mi pé òun kò ní padà sí Bárúwà. Ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní yàrá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n máa há, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Mo sọ fún un pé mo máa nílò rẹ̀ ní kóòtù, ó ní òun á wá. Mo bá a dá kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró. Ó wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi báágì aṣọ ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ lórí àga.

Kẹ̀kẹ́ kò tíì gbéra tí Àlájà fi rìn dé ibẹ̀. Ó di irin rẹ̀ mú.

"Mo lè sùn nílẹ̀," ó wí. "Ẹní kan ti tó mi. Mi ò lè dá padà sínú ilé yẹn, Hope. Tó o bá ní kí n má wá, mi ò ní bínú."

Oníkẹ̀kẹ́ wò mí, bí ẹni pé èmi ni mo máa dáhùn. Mo wo ilẹ̀. Ọkọ̀ méjì ti ń fọn fèrè lẹ́yìn wa, Kafilat sì ń fi ìborùn nu imú. Àlájà kò tú ọwọ́ sílẹ̀ lára irin náà.

Hope wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó gbé báágì aṣọ ọmọ kúrò lórí àga, ó gbé e ka itan rẹ̀, ó sì sún fún un.